Oúnjẹ tí inú kò gbà: tiwa àti ti ajá wa

Ìyá_Bingo:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ọ̀kan ṣoṣo ni. Bí mo bá mu wàrà, kì í tó wákàtí kan tí inú mi á fi wú, á máa kùn, á máa fún mi, kí n tó mọ̀ mo ti sáré wọ ilé ìyàgbẹ́. Ìyẹn ti pẹ́, ó ti mọ́ mi lára. Èyí tó ń kó mi lọ́kàn sókè ni ti ajá wa, Bingo. Ó ń jẹun bí ẹni pé wọn ò fún un lóúnjẹ rí, síbẹ̀ èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ lókèèrè. Ìgbẹ́ rẹ̀ kì í dì, ó sì ń pọ̀ ṣáá. Ọkọ mi ní ohun kan náà ló ń ṣe èmi àti Bingo, pé wàrà tí mo máa ń bù fún un ló ń da inú rẹ̀ rú, pé kí n ṣáà dá a dúró fún àwa méjèèjì. Mo dá a dúró. Èmi gbádùn, Bingo ò gbádùn. Ta ló mọ nǹkan sí i nínú yín?

Kòlèmuwàrà:

Mọ̀mí Bingo, ẹ kú ìnira o. Ti yín nìkan ni mo lè sọ, torí ọ̀nà yẹn lèmi náà ti ń rìn bọ̀. Ṣúgà kan wà nínú wàrà tí wọ́n ń pè ní lactose. Bó ṣe wà yẹn, ìfun kò lè gbà á wọ inú ẹ̀jẹ̀, àfi kí ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ lactase kọ́kọ́ gé e sí méjì. Ara ògiri ìfun kékeré ni lactase yìí wà. Ọmọ ọwọ́ máa ń ní in dáadáa, torí wàrà ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú tán, ara ọ̀pọ̀ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn àgbàlagbà tó wà láyé ló rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí lactase wa ń dín kù yìí gan-an la pọ̀ jù, àwọn tí tiwọn kì í dín kù ni wọ́n kéré.

Lactose tí kò bá rí ohun tó máa gé e á sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ìfun ńlá. Ó máa ń fa omi mọ́ra, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ ṣàn. Àwọn bakitéríà tó ń gbé níbẹ̀ á wá dáwọ́ lé e, gáàsì sì ni wọ́n máa ń tú jáde bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Gáàsì yẹn ló ń fẹ inú, òun ló ń kùn. Láti bí ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí méjì lẹ́yìn tí èèyàn bá mu wàrà ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn sá fún gbogbo ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa lè gba nǹkan bíi gíráàmù 12 lactose lẹ́ẹ̀kan láìsí wàhálà tó kọjá kékeré. Èyí tó wà nínú ife wàrà kan tó jẹ́ mílílítà 250 nìyẹn. Tí ẹ bá mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, ó sàn ju kí ẹ mu ún lórí òfìfo inú lọ, torí ó máa rọra wọ ìfun ni. Yọ́gọ́ọ̀tì tí bakitéríà rẹ̀ ṣì wà láàyè rọrùn fún inú, nítorí pé àwọn bakitéríà náà á bá yín gé díẹ̀ nínú ṣúgà ọ̀hún. Wàràkàṣì líle tó ti pẹ́ nílẹ̀, lactose inú rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Wàrà ewúrẹ́ tí àwọn kan ń polówó kiri pé òun ni oògùn rẹ̀, irọ́ ni, lactose inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti màlúù.

Oògùn oníhóró wà tí wọ́n fi lactase ṣe. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi oúnjẹ náà kan ẹnu ni kí ẹ gbé e mì. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí inú ti ń fún yín, ó ti pẹ́ jù. Wàrà tí wọ́n ti yọ lactose rẹ̀ náà wà. Lactase kan náà ni wọ́n dà sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹni_Tó_Ń_Kà:

Ah! Ìyẹn ló fà á tí wàrà yẹn fi máa ń dùn ju wàrà lásán lọ? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn jà pé wọ́n ń da ṣúgà sí i.

Kòlèmuwàrà:

Wọn ò da nǹkan kan sí i. Ṣúgà méjì tó jáde lára lactose nígbà tí wọ́n gé e, glucose àti galactose, dùn lẹ́nu ju lactose fúnra rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n ṣúgà ò yí padà.

Bàbá_Àgbà_Kan:

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, gbogbo nǹkan lẹ ti sọ di àlẹ́jì. Ẹni tí wàrà bá ń yọ lẹ́nu kó fi wàrà sílẹ̀. Ó tán.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:

Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ̀yin gan-an lẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi, torí ti Mọ̀mí Bingo kì í ṣe àlẹ́jì rárá, bí èèyàn bá sì da méjèèjì pọ̀, ó léwu.

Kí oúnjẹ má dà nínú èèyàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Díẹ̀ lè má ṣe yín ní nǹkan kan, púpọ̀ á dà yín láàmú, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ ẹ ó ti gbàgbé. Ní ti àlẹ́jì, ara ló ka purotéènì inú oúnjẹ sí ọ̀tá tó sì gbógun tì í. Ìwọ̀n kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kán kan lè tó. Ara á sú wúruwùru, ètè tàbí ahọ́n á wú, èèyàn lè máa bì, èémí lè bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ bá ń wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ó kọ́kọ́ sinmi. Ẹni tó bá sì ní àlẹ́jì wàrà, wàrà tí wọ́n yọ lactose rẹ̀ kò lè gbà á, torí purotéènì wàrà ṣì pé síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta kò sí nínú méjèèjì yìí, àrùn celiac. Gluten, purotéènì inú àlìkámà, báálì àti ráì, ló ń fà á. Tó bá ti wọ inú ẹni tó ní àrùn yìí, ara rẹ̀ á dojú ìjà kọ ìfun òun fúnra rẹ̀, á sì máa pa àwọn ìka wẹ́wẹ́ inú ìfun tó ń gba oúnjẹ wọlé. Nǹkan bí èèyàn 1 nínú 100 ló ní in, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀. Kì í ṣe inú nìkan ló ń fi hàn: àìtó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn kò ràn, àárẹ̀, ọmọ tí kì í dàgbà bó ṣe yẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ celiac ni pé ẹ má dá búrẹ́dì dúró kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò. Àwọn tó ń bọ̀ wá bá wa máa ń sọ pé "nọ́ọ̀sì, mo ti fi àlìkámà sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan, ara mi sì ti yá, ẹ wá yẹ̀ mí wò." Ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá ni àwọn ohun ìjà tí ara ń kó jọ sí gluten. Tí gluten ò bá wọlé mọ́, ara á kó ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀, àyẹ̀wò á sọ pé kò sí nǹkan kan, nígbà tó sì wà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ pé àlìkámà ni tún ṣe mí ní ìyanu. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Nẹ́dálándì, Willem Dicke, ti ń fura sí àlìkámà tipẹ́. Nígbà ìyàn tó mú wọn ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì ò sí mọ́, ara àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí yá. Bí ogun ṣe parí tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn padà dé.

Ẹ̀yin tí inú ń yọ lẹ́nu, láìka oúnjẹ tó fà á sí, ẹ má jókòó sídìí ayélujára tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ẹ bá ń rù láìmọ̀dí, tí inú rírun bá ń jí yín lóru, tí ibà bá bá a rìn, tàbí tó jẹ́ pé ẹ ti dàgbà kí ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà.

Ọmọ_Ìyá_Méjì:

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ṣàgbẹ́ gbuuru, ó ti sàn, ṣùgbọ́n wàrà inú ife tó ti ń mu tẹ́lẹ̀ ń dà á láàmú báyìí. Ṣé lactase rẹ̀ ti lọ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:

Ó sábà máa ń padà. Ìgbẹ́ gbuuru máa ń bó ògiri ìfun, ibẹ̀ sì ni lactase ń gbé. Tí ògiri náà bá jinná, á padà, nígbà mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọmọ tó bá ṣì ń mu ọmú, ẹ má já a lẹ́nu rẹ̀ nítorí ìgbẹ́ gbuuru o.

Olùtọ́jú_Ẹranko:

Mọ̀mí Bingo, ilé ìwòsàn ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Bingo ò jìnnà sí òtítọ́ lórí wàrà: lactase ọmọ ajá náà máa ń dín kù tó bá ti kúrò lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀, ajá àgbà tó bá mu wàrà púpọ̀ lè ṣàgbẹ́ fún ìdí kan náà pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n wàrà kì í mú ajá rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: irú ajá wo ni? Ọmọ ọdún mélòó? Báwo ni ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí gan-an, ẹ má tijú. Ṣé ó ń bì? Ṣé ó ń họra?

Ìyá_Bingo:

Àdàlù ni, ìyá rẹ̀ jẹ́ German Shepherd. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Kì í bì, kì í họra. Ìgbẹ́ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀, ó ń dán bíi pé wọ́n da òróró lé e, òórùn rẹ̀ sì kọjá ti ìgbẹ́ ajá tí mo mọ̀. Mo máa ń rí oúnjẹ nínú rẹ̀ tí kò tíì dà. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ: ó tún máa ń padà jẹ ẹ́.

Olùtọ́jú_Ẹranko:

Kò sí ohun tó ń bíni nínú níbẹ̀, àpèjúwe yín yìí wúlò ju ọ̀pọ̀ fọ́tò lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko yín nípa àrùn tí wọ́n ń pè ní EPI. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòlúkù tó ń jẹ́ pancreas. Òun ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń da ọ̀rá, purotéènì àti sítáàṣì. Nínú EPI, ibi tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù yẹn ti rọ, oúnjẹ á kàn gba inú ajá kọjá ni. Ọ̀rá tí kò dà ló ń dán nínú ìgbẹ́. Ajá ń jẹun, ebi ń pa á, ó sì ń jẹ ìgbẹ́ rẹ̀ torí pé oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. German Shepherd wà lára àwọn ajá tó máa ń bá jù, ìgbà ọ̀dọ́ ló sì sábà máa ń hàn lára wọn.

N kò sọ pé òun ni o. Aràn àti kòkòrò tí wọ́n ń pè ní giardia lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, nítorí náà ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì tutù dání lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò. Àyẹ̀wò EPI fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, TLI ni wọ́n ń pè é. Kí Bingo má jẹun fún wákàtí 8 sí 12 kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ náà. Kí ẹ sì ní kí wọ́n wo fítámì B12 rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà, torí ó máa ń lọ sílẹ̀ gan-an nínú àwọn ajá wọ̀nyí, tí wọn ò bá sì fi kún un, ajá lè má sanra bó tiẹ̀ ń lo oògùn yòókù.

Àrùn yìí wà lára èèyàn náà, àwọn tí pancreas wọn ti bà jẹ́ tàbí tí wọ́n bí àrùn cystic fibrosis mọ́. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ajá tó ní EPI, irú rẹ̀ làwọn náà ń gbé mì pẹ̀lú oúnjẹ. Nítorí náà, bí ọkọ yín bá fẹ́ kí èèyàn àti ajá ní àìsàn kan náà ní dandan, ẹ fún un ní ìyẹn, kì í ṣe wàrà.

Ìyá_Bingo:

Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn sí i létí. Ó ní òun ò bínú.

Afọkànfẹ́_Ajá:

Èmi rò pé oúnjẹ oníhóró tó ní àlìkámà àti àgbàdo nínú ló ń ba ajá jẹ́. Ìkookò ni ajá, ẹran ni kó máa jẹ.

Olùtọ́jú_Ẹranko:

Àbúrò, ajá ti kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2013, wọ́n ka iye ẹ̀dà jíìnì AMY2B, èyí tó ń jẹ́ kí ara ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń da sítáàṣì. Ìkookò ní 2. Àwọn ajá tí wọ́n yẹ̀ wò ní láti 4 dé 30. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn ni ajá ti kọ́ bí a ṣe ń jẹ ohun oníyẹ̀fun. Tí wọ́n bá sè é jinná, ọ̀pọ̀ ajá ló ń dà á. Ajá tí gluten ń pa lára wà lóòótọ́, ìran Irish Setter kan wà tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀.

Ajá_Mi_Ń_Họra:

Ẹ jọ̀ọ́, ajá tèmi ń kọ́? Inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í gbẹ, ó sì ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Wọ́n ní oúnjẹ ni. Ẹnì kan ní kí n fi irun rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, wọ́n á sọ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ fún mi.

Olùtọ́jú_Ẹranko:

Ẹ fi owó yẹn pamọ́. Àyẹ̀wò irun, itọ́, àti èyí tó pọ̀ nínú ti ẹ̀jẹ̀ pàápàá, kì í sọ òtítọ́ lórí àlẹ́jì oúnjẹ ajá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó dájú ló wà, ó sì ń gba sùúrù: ẹ yọ ohun gbogbo tó ti jẹ rí kúrò, kí ó máa jẹ oúnjẹ tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ àjèjì sí i, tàbí èyí tí wọ́n ti gé purotéènì rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi tí ara ò ní dá a mọ̀, fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 8. Tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ padà fún un ní oúnjẹ àtijọ́. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í họra, ẹ ti mú olè. Àwọn tó ń fo apá kejì yìí ló pọ̀ jù, torí ta ló fẹ́ kí ajá rẹ̀ tún máa họra? Ṣùgbọ́n láìṣe é, ẹ ò lè mọ̀ bóyá oúnjẹ ni àbí ojú ọjọ́ ló yí padà tàbí eégbọn ló tán lára rẹ̀.

Ohun tó sì ń ba ìdánwò yìí jẹ́ kì í ṣe ajá. Àwọn ará ilé ni. Ọmọ kékeré á jù bísíkíìtì sí i, ìyá àgbà á ní "ẹ̀kán yìí ò lè ṣe nǹkan kan fún un," oògùn aràn tí wọ́n fi adùn ẹran sí á wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí. Ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sábà ń fà á? Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2016 rí i pé láàárín àwọn ajá tí wọ́n ti fìdí àlẹ́jì oúnjẹ wọn múlẹ̀, ẹran màlúù ló ṣáájú, nǹkan bí ìdá 34 nínú 100, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, adìyẹ, àti àlìkámà. Ẹ rí i pé ẹran tí gbogbo ayé kà sí oúnjẹ ajá gan-an ló wà lókè.

Onílé_Tuntun:

Ìyá Bingo, tó bá jẹ́ aràn ni, ẹ lọ aáyù díẹ̀ sínú oúnjẹ rẹ̀. Ó ń pa aràn, kò sì ná yín ní nǹkan kan.

Olùtọ́jú_Ẹranko:

Rárá o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ka èyí tó wà lókè yìí, kó ka tèmi mọ́ ọn. Aáyù àti àlùbọ́sà jẹ́ májèlé fún ajá. Wọ́n ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Sísè kò mú un kúrò, gbígbẹ kò mú un kúrò, èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná tilẹ̀ le jù torí púpọ̀ rẹ̀ ló wà nínú ṣíbí kan. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ajá lè jẹ ẹ́ lónìí kó máa ṣeré, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni èrìgì rẹ̀ á funfun, àárẹ̀ á mú un, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú. Ọbẹ̀ àṣẹ́kù tí àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀ wà lára èyí tí mò ń sọ.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti débẹ̀: ṣokoléètì, èyí tó bá dúdú jù ló burú jù. Èso àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, ń ba kíndìnrín ajá jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé kò léwu. Xylitol, adùn tí wọ́n ń fi sínú ṣingọ́ọ̀mù, ọṣẹ ìfọyín àti àwọn ohun tí wọ́n kọ "kò ní ṣúgà" sí lára, lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá já wálẹ̀ láàárín ààbọ̀ wákàtí, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí, èèyàn ń jẹ wọ́n láìsí nǹkan kan. Tí ajá bá gbé ọ̀kan mì, ẹ pe dókítà ẹranko kí àmì tó yọ, kí ẹ sì mú páálí rẹ̀ dání.

Ọ̀rá púpọ̀ náà: awọ ẹran àti ọ̀rá tí a gé sọnù lè mú kí pancreas ajá wú. Á máa bì, á máa tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wá gbé ìdí sókè nítorí ìrora.

Onílé_Tuntun:

Ẹ ṣeun, mo ti gbọ́. Mo ti lọ yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ tiwa náà.

Alásè_Ilé:

Àbúrò, kò sí ẹni tó ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú tiyín, àyàfi tí inú yín ò bá gbà á. Àwọn tí inú wọn ń wú tí wọ́n bá jẹ àlùbọ́sà, aáyù tàbí àlìkámà, púpọ̀ nínú wọn, fructan ló ń ṣe wọ́n, ọ̀wọ́ ṣúgà kan tí ara èèyàn kankan kò ní ẹ́ńsáìmù rẹ̀. Tiwọn kàn pọ̀ ní ariwo ni. Fructan máa ń yọ́ sínú omi, kì í yọ́ sínú òróró. Nítorí náà, ẹ fi aáyù odindi dín òróró, ẹ yọ aáyù náà sọnù, adùn rẹ̀ á wà nínú òróró, fructan ò ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sè é nínú ọbẹ̀ olómi tí ẹ sì yọ ọ́, ó ti tú síbẹ̀ ná.

Ẹ̀wà náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà méjì, raffinose àti stachyose, ló wà nínú rẹ̀ tí kò sí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ lára wa, bakitéríà ìfun ńlá ló ń jẹ wọ́n. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi mìíràn sè é. Díẹ̀ nínú wọn á bá omi lọ. Èyí tó ti inú agolo jáde, ẹ ṣàn án. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀ kó fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó máa pọ̀ ọ́n sí i.

Àwọn olùwádìí ní Monash University ní Ọsirélíà ló kó gbogbo àwọn ṣúgà báyìí jọ sábẹ́ orúkọ kan, FODMAP, ní 2005. Wọ́n á ní kí èèyàn yọ gbogbo wọn fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, lẹ́yìn náà kó máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ má gbé inú apá àkọ́kọ́ yẹn títí ayé, oúnjẹ tó bọ́ lọ́wọ́ yín níbẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ sì ní ìwé kékeré kan: ohun tí ẹ jẹ, aago tí ẹ jẹ ẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, aago tó ṣẹlẹ̀. Aago yẹn ló máa ń tú àṣírí.

Ẹran_Ò_Gbà_Mí:

Aago tí ẹ sọ yìí ló ya èmi lẹ́nu. Tí mo bá jẹ ẹran màlúù lálẹ́, nǹkan kan kì í ṣe mí. Láàárín òru ni inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, tí ara mi á sú. Adìyẹ àti ẹja ò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn èèyàn ní àlá ni mò ń lá.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:

Àlá kọ́. Ẹ bi dókítà nípa alpha-gal. Ṣúgà kan ni tó wà lára ẹran ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú. Eégbọn kan lè bu èèyàn jẹ kí ara rẹ̀ wá kọ ṣúgà yẹn. Àlẹ́jì tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó dé, wákàtí 2 sí 6, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn fura sí ẹran. Ó lè le o, ẹ má dán an wò nílé láti fi mọ̀. Ṣé eégbọn ti bù yín jẹ rí?

Ẹran_Ò_Gbà_Mí:

Àìmọye ìgbà. Inú igbó ni iṣẹ́ mi. Mo ń pe dókítà láàárọ̀ ọ̀la.

Afọkànfẹ́_Ajá:

Ajá tí eégbọn ń bù jẹ ń kọ́, ṣé ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́ náà?

Olùtọ́jú_Ẹranko:

Ti èyí nìkan, rárá. Ara ajá fúnra rẹ̀ ní alpha-gal, kò lè kà á sí àjèjì. Àwa èèyàn la kò ní in.

Ọmọ_Ìyá_Méjì:

Ìbéèrè kan péré. Tí ajá bá ń ṣàgbẹ́, ṣé a lè fún un ní oògùn tí èèyàn ń lò láti fi dá a dúró? Ó wà nínú àpótí wa.

Olùtọ́jú_Ẹranko:

Láìjẹ́ pé dókítà ẹranko sọ ọ́, rárá. Loperamide tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun lẹ ní yẹn lè wọ inú ọpọlọ àwọn ajá kan, pàápàá àwọn ìran Collie tí jíìnì MDR1 wọn ní àbùkù. Ibuprofen, oògùn ìrora yẹn náà, ẹ jìnnà sí i. Ajá tó bá ṣàgbẹ́ tó ṣì ń ṣeré, ẹ fún un ní omi àti oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ tí kò lọ́ràá. Ọmọ ajá, ajá tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí èyí tó ń bì láìdúró, ẹ gbé e lọ. Èyí tó bá ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan ò jáde, tí ikùn rẹ̀ ń wú, ẹ má dúró rárá: àpòlúkù rẹ̀ lè ti lọ́, wákàtí díẹ̀ ló ní.

Ìgbà tí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ ajá, ẹ má ṣe é lójijì. Ẹ fi bí ọjọ́ 7 pò tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀, kí tuntun máa pọ̀ sí i. Púpọ̀ nínú "oúnjẹ yẹn ò bá ajá mi lára mu" tí à ń gbọ́, kíákíá tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ ló fà á.

Ìyá_Bingo:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kò sí aràn, kò sí giardia. TLI rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, B12 náà wálẹ̀. EPI ni. Wọ́n fún wa ní ìyẹ̀fun ẹ́ńsáìmù, wọ́n ní títí ayé rẹ̀ ni, ní gbogbo oúnjẹ, wọ́n sì ń gún un ní abẹ́rẹ́ B12. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ṣùgbọ́n etí ẹnu rẹ̀ pupa, ó dà bíi pé ó ń ta á, ẹnì kan sì sọ fún mi pé kí n po ìyẹ̀fun náà mọ́ oúnjẹ kí n sì fi í sílẹ̀ kó pẹ́ kí n tó gbé e fún un. Ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Olùtọ́jú_Ẹranko:

Kò pọn dandan kí ó pẹ́ nílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ìyẹ̀fun náà kan gbogbo oúnjẹ, kí ó rin díẹ̀, kí oúnjẹ náà má gbóná, torí ooru ń pa ẹ́ńsáìmù. Ẹnu rẹ̀ tó ń pupa, ẹ́ńsáìmù náà ló ń fẹ́ da awọ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ fi omi po oúnjẹ náà dáadáa kí ìyẹ̀fun gbígbẹ má bàa lẹ̀ mọ́ etí ẹnu rẹ̀, ẹ nu ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì fún un ní omi mu. Tí kò bá lọ tàbí tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ pe dókítà, wọ́n lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù díẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ má sì fà á símú. Kí ó máa jẹun lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.